Ẹjọ́ Oògùn Olóró ní Íńdíà: Kí Kòtẹ́milọ́rùn Má Ṣe Pẹ́ Ju Ẹ̀wọ̀n Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọgbọ́n tó wà nídìí òwe yìí náà ló bí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀dá kì í ṣe Ọlọ́run: adájọ́ lè ṣìnà, ẹlẹ́rìí lè parọ́, ọlọ́pàá sì lè fi ìkánjú ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ojú mìíràn tún ẹjọ́ yẹ̀ wò kí ọjọ́ ayé ènìyàn tó ṣòfò sínú ẹ̀wọ̀n. Ọgbọ́n yìí wúlò púpọ̀ nínú ẹjọ́ níní oògùn olóró ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, nítorí òfin ibẹ̀ le débi pé, fún ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi, ilé ẹjọ́ kejì ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn náà kì í tètè ṣí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ará Íńdíà nìkan. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lọ sí orílẹ̀-èdè náà láti gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, láti kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, àti láti ra ọjà tí wọn yóò tà nílé. Àwọn kan nínú wọn ti bọ́ sí àhámọ́ lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé Èkó tàbí Ìbàdàn, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, ojú rẹ̀ yóò rí ohun tí ẹnìkan kò rí rí. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan tó ṣáájú rẹ̀: ṣé ẹni náà ṣe é lóòótọ́? Ìbéèrè yìí gan-an ni kòtẹ́milọ́rùn wà fún.

Ọdún 1985 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Íńdíà gbé òfin oògùn olóró kalẹ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè ní NDPS. Ìwọ̀n ẹrù ni òfin náà fi ń díwọ̀n ìyà. Bí hẹ́róìnì tí wọ́n ká mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bá kéré sí gíráàmù 5, tàbí tí igbó bá kéré sí kílò 1, ìwọ̀n kékeré ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì lè ju ọdún 1 lọ. Bí hẹ́róìnì bá ju gíráàmù 250 lọ, tàbí tí igbó bá ju kílò 20 lọ, ó ti di ìwọ̀n oníṣòwò. Ọdún 10 ni ẹ̀wọ̀n ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dé ọdún 20, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí 100,000 rúpìì. Èyí tó bá bọ́ sí àárín méjèèjì lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Adájọ́ kò ní agbára láti sọ ọdún 10 ti oníṣòwò di ọdún 5, bó ti wù kí àánú ẹni náà ṣe é tó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Íńdíà tún fi kún ìnira yìí. Ó ní kì í ṣe ojúlówó oògùn olóró nìkan ni kí wọ́n máa wọ̀n. Ohunkóhun tí wọ́n bá pò mọ́ ọn, ì báà ṣe ìyẹ̀fun lásán, kí wọ́n wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ọn. Nípa bẹ́ẹ̀, hẹ́róìnì gíráàmù 10 tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun gíráàmù 290 ti di ẹrù oníṣòwò ńlá, ẹni tó gbé e sì ti di ẹlẹ́wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ló mú kí òfin náà le. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tó kù, olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé olùjẹ́jọ́ mọ̀ọ́mọ̀ dẹ́ṣẹ̀. Abala 35 òfin NDPS yí èyí padà: bí wọ́n bá ti fi hàn pé ẹrù náà wà lọ́wọ́ ènìyàn, ilé ẹjọ́ yóò gbà pé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé òun kò mọ̀. Abala 54 tún ti èyí lẹ́yìn. Ẹni tí ojúlùmọ̀ bẹ̀ pé kó bá òun gbé àpò kan dé Mumbai, tí kò tú u wò, ni yóò wá ẹ̀rí kiri pé ọkàn òun mọ́. Abala 37 sì ní kí adájọ́ má ṣe fún ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀n oníṣòwò ní béèlì, àyàfi tí ó bá rí ìdí pàtàkì láti gbà pé ẹni náà kò jẹ̀bi àti pé kò ní ṣẹ̀ mìíràn bó bá jáde. Àhámọ́ ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà títí ìdájọ́ yóò fi dé.

Bí ìdájọ́ bá wá dé, tó sì jẹ́ ti ẹ̀bi, abala 32A ń dúró dè wọ́n. Olè tàbí apànìyàn tó bá hùwà dáadáa lẹ́wọ̀n lè retí kí ìjọba dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Òfin náà kò fàyè gba irú àánú yìí fún ẹlẹ́wọ̀n oògùn olóró, àfi àwọn tí ẹ̀sùn wọn jẹ́ ti lílo oògùn náà fúnra wọn. Nígbà tí ojú àánú ìjọba ti dí báyìí, ojú wo ló kù bí kò ṣe ti ilé ẹjọ́ kejì?

Ọ̀nà tó lọ sí ilé ẹjọ́ kejì yìí kò lọ́jú pọ̀ lórí ìwé. Ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ bá ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ, ilé ẹjọ́ àkànṣe ló ń gbọ́ ọ; láti ibẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ ni kòtẹ́milọ́rùn ń lọ, ọjọ́ 60 sì ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pè é. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ ṣì lè gbà á bí ìdí tó mú un pẹ́ bá bọ́gbọ́n mu. Ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní agbẹjọ́rò lè kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ kó fi lé ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1978, Adájọ́ V. R. Krishna Iyer ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé kí ìjọba wá agbẹjọ́rò fún un bí kò bá lówó. Ilé Ẹjọ́ Gíga lè yẹ gbogbo ẹ̀rí wò látòkèdélẹ̀ bí ẹni pé ẹjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tún tẹ́ lọ́rùn níbẹ̀ lè tọrọ àyè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Delhi lábẹ́ abala 136 ìwé òfin ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú rere ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Nítorí náà, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ni iṣẹ́ gidi wà.

Kí wá ni àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn máa ń rí tí àwọn ti ìsàlẹ̀ kò rí? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ àwọn agbófinró ni wọ́n máa ń wò. Abala 50 ní kí ọlọ́pàá sọ fún ẹni tó fẹ́ tú ara rẹ̀ wò pé ó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n mú òun lọ síwájú adájọ́ májísíréètì tàbí òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba kí wọ́n tó tú òun. Ní ọdún 1999, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Punjab, ìgbìmọ̀ adájọ́ márùn-ún ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ọlọ́pàá kò lè fo ìgbésẹ̀ yìí dá, àti pé ohun tí wọ́n bá rí nípa títú ara ènìyàn láìsọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un kò tó láti fi dá a lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ adájọ́ márùn-ún mìíràn tún tẹnu mọ́ ọn ní ọdún 2010. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ní ààlà: ara ènìyàn ló dáàbò bò, kò kan àpò tó gbé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, inú àpò ni ọ̀pọ̀ ẹrù báwọ̀nyí máa ń wà.

Ohun kejì tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò ni ìrìn àjò ẹrù náà láti ọwọ́ ọlọ́pàá dé iwájú adájọ́. Ta ló dì í? Èdìdì ta ló wà lára rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ló lò ní àgọ́ ọlọ́pàá kó tó dé ilé àyẹ̀wò? Abala 52A ní iwájú májísíréètì ni kí wọ́n ti bu èyí tí wọn yóò yẹ̀ wò. Ní ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá àwọn kan sílẹ̀ nítorí pé àwọn agbófinró kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé àìtẹ̀lé abala yìí nìkan kò ní kí ẹjọ́ dàrú bí ẹ̀rí tó kù bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé kòtẹ́milọ́rùn jẹ́ àrékérekè tí agbẹjọ́rò fi ń yọ ọ̀daràn, kó wo bí àwọn adájọ́ náà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wọn ìwọ̀n ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí òṣìṣẹ́ àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró bá ti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mú, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà dá a lẹ́bi, bí òfin Íńdíà kò tilẹ̀ gba ìjẹ́wọ́ tí ènìyàn ṣe fún ọlọ́pàá ní ẹ̀rí. Àlàyé wọn ni pé òṣìṣẹ́ àjọ náà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ R. F. Nariman àti Adájọ́ Navin Sinha sọ pé irọ́ ni: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ni. Adájọ́ Indira Banerjee kò fara mọ́ wọn, ṣùgbọ́n méjì ju ẹyọ kan lọ. Inú ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni ìdájọ́ yìí ti jáde. Ká ní àwọn tí wọ́n fi ẹnu ara wọn dá lẹ́bi kò pe ẹjọ́ náà, bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ náà ni ì bá ṣì máa rí.

Àwọn kan ń bínú sí gbogbo èyí, ìbínú wọn sì ní ìdí. Hẹ́róìnì ti ba ilé jẹ́ ní Punjab. Ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ pé oníṣòwò rẹ̀ padà sílé nítorí èdìdì tí kò sí lára àpò. Lójú irú ìyá bẹ́ẹ̀, òfin ti di aṣọ tí ọ̀daràn fi ń bora. Ẹ̀hónú náà kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀. Òfin tó ní kí wọ́n ka ènìyàn sí ẹlẹ́bi nítorí ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wa lójú pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a lóòótọ́. Bí ẹlẹ́rìí tó kù bá jẹ́ ọlọ́pàá nìkan, èdìdì yẹn ló ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé síni lápò. Àwọn aṣòfin mọ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè wáyé. Ìdí nìyẹn tí abala 58 fi ní ìyà fún òṣìṣẹ́ tó bá tú ènìyàn tàbí tó mú un láìnídìí. Ọlọ́pàá tó kọ̀ láti tẹ̀ lé ìlànà ló dá oníṣòwò sílẹ̀, kì í ṣe adájọ́ tó ka ìlànà náà síta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ún gbọ́ tí kò sì dùn ún rí ni ti àkókò. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù, baba lè ti kú kó tó pè é. Ẹjọ́ kún inú àwọn Ilé Ẹjọ́ Gíga Íńdíà fọ́fọ́, kòtẹ́milọ́rùn ọ̀daràn sì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún, tó ti lo ọdún 3 tàbí 4 ní àhámọ́ kí ìdájọ́ tó dé, kò ní ju ọdún 6 tàbí 7 lọ mọ́ tí yóò fi parí rẹ̀. Bí kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ bá lo iye ọdún yẹn nínú fáìlì, kí ni adájọ́ fẹ́ dá padà fún un nígbà tó bá sọ pé kò jẹ̀bi? Ìwé ìdáláre kò lè dá irun tó ti funfun padà sí dúdú.

Àwọn adájọ́ Íńdíà kò ṣàìmọ èyí. Ní ọdún 1977, nínú ẹjọ́ ìpànìyàn kan, Adájọ́ P. N. Bhagwati sọ pé bí ilé ẹjọ́ kò bá lè gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn láàárín àkókò tó yẹ, ó yẹ kó jẹ́ kí ẹni náà máa dúró nílé, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà tí kò fi gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé apá kan abala 32A, èyí tó gba agbára lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti dá ẹ̀wọ̀n oògùn olóró dúró díẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ bá ń lọ. Ìdájọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó fi ìdè kan sílẹ̀: kí adájọ́ tó dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ lé ohun tí abala 37 wí. Ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ rí ìdí láti gbà pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́bi kò jẹ̀bi, kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà, wọ́n sì tún gbé òkúta dí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Adájọ́ S. Ravindra Bhat àti Adájọ́ Dipankar Datta yẹ òkúta náà díẹ̀ fún àwọn tí ìdájọ́ wọn kò tíì dé. Wọ́n ní abala 37 kò lè dí béèlì lọ́wọ́ bí ìgbẹ́jọ́ bá pẹ́ kọjá bó ti yẹ. Ohun tó tọ́ ni kí irú àánú yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró de kòtẹ́milọ́rùn pẹ̀lú, kó sì jẹ́ ìlànà kan náà níbi gbogbo, kí ó má baà jẹ́ pé adájọ́ tó bá bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ ni yóò máa pinnu rẹ̀.

Ti àlejò tún burú ju ti onílé lọ. Ọmọ Nàìjíríà kan wà tí wọ́n mú ní ọdún 2014 lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà láti fún un ní béèlì, nígbà tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Lára ohun tí ilé ẹjọ́ bi í ni pé kó fi ibi tó wà han ọlọ́pàá lórí máàpù Google, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà pé kò ní sá kúrò nílùú. Ìwé ti aṣojú yìí ti wà láti ọdún 1994, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi lélẹ̀ fún àwọn àlejò. Ní oṣù keje ọdún 2024, Adájọ́ Abhay S. Oka àti Adájọ́ Ujjal Bhuyan fagi lé ti máàpù náà, wọ́n ní ọlọ́pàá kò ní ẹ̀tọ́ láti máa yọjú sí ìgbésí ayé ẹni tó wà lórí béèlì nígbà gbogbo. Lórí ìwé aṣojú, wọ́n ní bí ilé iṣẹ́ aṣojú bá kọ̀ tàbí tó ń fi falẹ̀, ẹni náà kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ jìyà, nítorí ìwé náà kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìtùnú ni fún àwọn tó wà ní àhámọ́, ó sì tún yẹ kó jẹ́ ìtìjú fún ìjọba tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn kò rí gbà.

Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 lórí iṣẹ́ kọ́ńsúlù, tí Íńdíà àti Nàìjíríà jọ fọwọ́ sí, ní kí wọ́n sọ fún àlejò tí wọ́n bá mú pé ó lè ránṣẹ́ sí kọ́ńsúlù orílẹ̀-èdè rẹ̀. Íńdíà fúnra rẹ̀ gbé Pakistan lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé nílùú Hague lórí ẹ̀tọ́ yìí nítorí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì jàre ní oṣù keje ọdún 2019. Ohun tí Íńdíà ń béèrè fún ọmọ tirẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, kò yẹ kó fi du ọmọ ẹlòmíràn nílé.

Àtúnṣe tó yẹ kò ṣòro láti dárúkọ. Kí Ilé Ẹjọ́ Gíga kọ̀ọ̀kan ya àwọn adájọ́ sọ́tọ̀ fún kòtẹ́milọ́rùn àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, kí ti ẹni tó ti pẹ́ jù lẹ́wọ̀n sì ṣáájú. Kí ẹni tó bá ti lo ìdajì ẹ̀wọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ máa dúró nílé títí wọn yóò fi gbọ́ ọ, àyàfi tí olùpẹ̀jọ́ bá fi ìdí gidi hàn pé ewu wà níbẹ̀. Kí agbẹjọ́rò tí ìjọba bá fún tálákà jẹ́ ẹni tó mọ òfin NDPS dunjú, kó sì máa lọ bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́wọ̀n, pẹ̀lú ògbufọ̀ níbi tí èdè kò bá ti yé ara wọn. Ní ti ìjọba Nàìjíríà, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ ní New Delhi mọ orúkọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀, kó mọ ọjọ́ tí ìdájọ́ wọn jáde, kó sì rí i pé ọjọ́ 60 kò kọjá lórí ẹnikẹ́ni nítorí pé kò rí ẹni sọ fún un. Àwọn ẹbí nílé náà ní ipa tiwọn: owó tí wọ́n máa ń fi sáré kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèlérí pé àwọn mọ ẹnìkan ní Delhi, agbẹjọ́rò tó forúkọ sílẹ̀ ló tọ́ sí, ẹ̀dà ìdájọ́ sì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n béèrè.

Kò sí ẹni tó ń tọrọ pé kí Íńdíà ṣíjú kúrò lára àwọn tó ń ta májèlé fún ọ̀dọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rí bá dúró níwájú adájọ́ kejì, kí ẹlẹ́bi ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó bá ti pinnu pé òun yóò fi òfin líle bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn ti jẹ gbèsè kan pẹ̀lú rẹ̀: kó tètè tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Kòtẹ́milọ́rùn tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n ti tán kì í ṣe ẹjọ́ mọ́. Ìtàn ni.